Lẹ́tà Mẹ́ta Lábẹ́ Àparò Gíláàsì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò ní búra, nítorí ìbúra kì í sọ irọ́ di òótọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kvennfoss, ìlú kan ní ilẹ̀ yìnyín, nínú oṣù Ọ̀pẹ, kó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gíláàsì, kó dúró síwájú pẹpẹ kejì lápá òsì. Kó pa ẹnu mọ́. Kó mú sùúrù títí aago mẹ́ta ọ̀sán. Tí kò bá rí nǹkan kan, kó padà wá lọ́la.

Sunniva Brekkhus ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn nǹkan inú ilé náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ilé iṣẹ́ gíláàsì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìléru tó kú ní ogún ọdún sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, wíwò nìkan ni gíláàsì tó kù wà fún, kò sí ẹni tó tún ń ṣe òmíràn mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń dun Sunniva. Ọ̀ọ́dúnrún gíláàsì ló wà lórí pẹpẹ. Ìwé pélébé kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó fi pẹ́ńsù yà á sórí bébà ló sì wà lára ìwé náà. Àwọn tó dúró ti iná, tí irun apá wọn jó, tí wọ́n fi èémí ara wọn fẹ́ ẹ, kò sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Àparò kan ò ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ṣùgbọ́n ní Kvennfoss, àwọn kan ló kọ ebè, àwọn mìíràn ló gùn ún. Sunniva kì í lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ lórí oúnjẹ. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá wo gíláàsì. Asgeir Modalsli, ọ̀gá rẹ̀, ti gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi di.

Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n gbé páálí kan wá láti ilé Torleiv Hovde. Torleiv ni olórí àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì láyé ọjọ́un. Ó ti kú tipẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilé rẹ̀ ni. Nínú páálí náà, lábẹ́ àwo àti ife, ohun kan wà tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé.

Sunniva tú u. Àparò ni.

Àparò ilẹ̀ yìnyín kò dà bí tiwa tó jẹ́ aláṣọ kan. Funfun ló ń wọ̀ nígbà òtútù, ó sì ń pàrọ̀ rẹ̀ nígbà ooru. Èyí tó wà lọ́wọ́ Sunniva kò wọ nǹkan kan. Ó mọ́ gaara bí omi orísun. Ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó ká ọrùn sẹ́yìn, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ní àyà rẹ̀, ihò atẹ́gùn kan ṣoṣo wà, ó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé. Gíláàsì yí i ká. Kò sí ibi tí nǹkan lè gbà wọ ibẹ̀, kò sí ibi tí nǹkan lè gbà jáde.

Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo gíláàsì tí wọ́n fi èémí ṣe ló ní ìdodo, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti já a kúrò lẹ́nu ọ̀pá irin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo àparò yìí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín lẹ́tà mẹ́ta: HVA.

Ní èdè wọn, ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa nìyẹn. Kí ni?

Asgeir rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láyà. “Kí ni? Èmi náà ló yẹ kí n bi í! Ẹyẹ, kí ni?”

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Merete Skaugstad ní Oslo. Obìnrin yìí ni wọ́n ń bi ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe gíláàsì. Kò pé wákàtí kan tó fi pe Sunniva lórí fóònù.

“Rolv Steensaker ni,” ni Merete wí. Steensaker ni gbajúmọ̀ tó ń yàwòrán fún Kvennfoss láyé ọjọ́un. “Ó fẹ́ràn àwàdà. Ta ló tún máa fín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìdí ẹyẹ?”

“Ẹ ò tíì fojú rí i, Mà.”

“Mo ti rí i tó. Ìwé tó máa to gbogbo iṣẹ́ Steensaker ń lọ sílé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán. Mo máa fi í síbẹ̀. Tí ẹ bá ní orúkọ mìíràn, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó dìgbà náà. Orúkọ ni mo ní o. Mi ò ní kí ẹ pìtàn fún mi.”

Ó pa fóònù.

“Steensaker dáa,” ni Asgeir wí. “Ìjọba ìbílẹ̀ ń wá ìdí tí wọ́n á fi tì wá pa. Steensaker kan máa mú èrò wá. Ta ló máa wọ ọkọ̀ wá wo iṣẹ́ ẹni tí a ò mọ̀?”

“Tí kì í bá wá ṣe tirẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá? Ẹni tó ṣe é ńkọ́?”

“Ẹni tó ṣe é ti kú, Sunniva. Kò ní bínú.”

Sunniva gbé ẹyẹ náà padà sórí tábìlì.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀ ní Kvennfoss. Aago mẹ́ta ò ní tíì lù dáadáa kí òkùnkùn tó bo odò. Asgeir ti lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Sunniva jókòó nìkan. Ìràwọ̀ bébà tí wọ́n ń gbé kọ́ fún Kérésì ń tàn lójú fèrèsé. Ẹyẹ náà wà lórí tábìlì. Yìnyín ń bọ́ níta, kò sì dún.

Ó gbọ́ ohun kan.

Hù.

Ó kéré. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ìgò òfìfo. Sunniva wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ó ti kú láti àárọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó tì.

Ó wá wo ẹyẹ.

Kùrukùru wà nínú ihò àyà rẹ̀. Funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ojú fèrèsé tí ọmọdé fi ẹnu mí sí. Sunniva fi aṣọ nu ẹ̀yìn gíláàsì. Kùrukùru náà kò kúrò. Inú ló wà. Bó ṣe ń wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó ṣá tán. Àyà ẹyẹ tún mọ́ gaara.

Ó kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Hù. Kùrukùru tún dé.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn fún ìdajì wákàtí. Ó ń wá, ó ń lọ. Kò yá, kò pẹ́. Sunniva mọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà fi ń mí tó bá sùn ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Asgeir.

“Kọfí rẹ ló ń yọ ooru,” ni Asgeir wí.

“Mi ò mu kọfí.”

“Ẹ̀rí nìyẹn. Ara ẹni tí kò mu kọfí kò lè pé.”

Wọ́n jọ dúró tì í láàárọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó sú Asgeir, ó bá tirẹ̀ lọ. Aago mẹ́ta lù. Hù. Sunniva dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹyẹ náà, ó ń wò ó láti òkè. Kùrukùru kún àyà rẹ̀ bí wàrà. Lábẹ́ funfun yẹn, lẹ́tà tó wà nídìí rẹ̀ yọ dúdú, wọ́n hàn ketekete.

AVH.

Ó dojú ẹyẹ délẹ̀: HVA. Ó dá a dúró, ó wò ó láti òkè: AVH. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó mọ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì nínú wọn. Ojú tí wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ ni gbogbo èèyàn fi kà á. Wọ́n rí ìbéèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rò pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ènìyàn ni.

Asgeir wò ó, ó mi orí. Kùrukùru ti lọ nígbà tó fi dé. “Sunniva, ohun tí ojú rẹ ń wá ló rí. Látọdún mẹ́ta ni o ti ń wá òṣìṣẹ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tún un wò dáadáa, o máa rí orúkọ ìyá mi níbẹ̀.”

Àwàdà ni Asgeir ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Sunniva lára. Kò sùn dáadáa. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: tó bá jẹ́ pé ìfẹ́ òdodo ló ń tàn án jẹ ńkọ́?

Lọ́jọ́rú, ó gbé ẹyẹ náà lọ bá Bàbá Oddmund ní òkè odò. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó fẹ́ gíláàsì ní Kvennfoss. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

“Bọ́ bàtà rẹ. Má gbé yìnyín wọlé fún mi. Ṣé ìgbéyàwó lo wá pè mí sí?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kí lo wá ń dí mi lọ́wọ́ sí? Jókòó. Àkàrà wáfù wà níbẹ̀. Fi wàràkàṣì sí i, má ṣahun síra rẹ.”

Sunniva gbé ẹyẹ lé e lọ́wọ́.  Ó fi àtàńpàkò wá ìdodo rẹ̀, ó rí i, ó ń yí i kiri níbẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé.

“Àwa mẹ́jọ la wà nídìí iná,” ni ó wí. “Mo mọ ìdodo oníkálùkù bí mo ṣe mọ ohùn wọn. Ti Torleiv máa ń jìn. Tèmi máa ń ṣe ṣóńṣó, wọ́n fi ń pè mí ní onídodo. Èyí kì í ṣe tiwa.”

“Kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú yín?”

“Ṣé mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni?” Ó fọwọ́ kan ẹnu ẹyẹ náà. “Wò ó níbí. Ibi tí sísọ́ọ̀sì gé. Ọwọ́ òsì ló gé e. Kò sí ọlọ́wọ́ òsì nínú wa.”

Àtàńpàkò rẹ̀ padà sí ìdodo náà. Aago ara ògiri ń dún. Wáfù ń tutù.

“Ọlọ́wọ́ òsì kan wà,” ni ó wí níkẹyìn. “Kì í ṣe nídìí iná. Òkè ló wà, nínú yàrá àwọn obìnrin. Ọmọ Torleiv ni. Alvhild. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́, òun ló ń fín orúkọ Steensaker sí ìdí gíláàsì. Ọdún mọ́kànlélógún. Orúkọ kan náà.”

“Ṣé ó máa ń wá sídìí iná?”

“Obìnrin? Wọ́n ní gíláàsì máa sán. Ẹni tó bá fi ọ̀pá irin lé obìnrin lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Torleiv ni olórí wa. Kò lè dán an wò.”

“Ẹ̀yin náà gbà pé ó máa sán?”

“Ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo gbà gbọ́.”

“Bàbá, kí ni orúkọ kejì tí Alvhild ń jẹ́?”

“Vigdis.” Ó tì ẹyẹ náà sí i lójijì. “Gbé e kúrò lọ́wọ́ mi.”

“Kí ló dé?”

“Ó gbóná.”

Sunniva gbà á. Ó tutù bí òkúta inú odò.

Alvhild Vigdis Hovde ṣì wà láyé. Ilé àwọn arúgbó ló wà, létí odò níbẹ̀, kò jìnnà rárá. Ọdún mẹ́ta ni Sunniva ti ń gba iwájú fèrèsé rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Yngve mú un wọlé. “Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Èémí rẹ̀ kò tó. Ó máa ń dà bíi pé ó ń wá èyí tó kù.”

Ìyá náà jókòó lójú fèrèsé, aṣọ òtútù bo itan rẹ̀. Ó kéré. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lókè ọ̀tún. Aago mẹ́ta kù díẹ̀.

“Ẹ káàsán, Mà. Mo mú nǹkan kan wá.”

Sunniva gbé àparò náà lé e nítan.

Ìyá náà kò wò ó. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì gbé e. Àtàńpàkò rẹ̀ lọ tààrà sínú ìdodo, ó wọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà rẹ̀ àtijọ́. Ó mí sínú. Ó mí síta.

Kùrukùru dé sínú ẹyẹ.

Ó tún mí sínú. Kùrukùru lọ. Ó mí síta. Ó dé.  Inú yàrá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Sunniva fi ń gbọ́ yìnyín tó ń yọ́ lára bàtà rẹ̀.

“Wọ́n máa bínú sí Papa,” ni ìyá náà wí.

“Ta ni, Mà?”

“Ó ní kí n yára. Ó ní iná kì í dúró de ẹnì kankan.” Ó mí. “Ó ṣọ́ ilẹ̀kùn.”

“Gbogbo wọn ti kú, Màmá. Kò sí ẹni tó máa bínú mọ́. Mo fẹ́ kọ orúkọ yín síbẹ̀. Tiyín gan-an. Wọ́n fẹ́ fi Steensaker kọ ọ́.”

“Steensaker,” ni ìyá náà wí, bí ẹni tó rántí iṣẹ́ tó kù lórí tábìlì. “S ńlá. T. E méjì.” Ìka òsì rẹ̀ ń fín in sórí aṣọ. Ó dúró. “Kí ni wọ́n kà nídìí rẹ̀?”

“Wọ́n kà á sí ‘Kí ni’.”

Ẹ̀rín pa ìyá náà. Ẹ̀rín kékeré, kò ju èémí méjì lọ. Kùrukùru gbọ̀n nínú ẹyẹ náà. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó di ọwọ́ Sunniva mú. Agbára ọwọ́ náà pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

“Má sọ fún wọn,” ni ó wí.

Sunniva fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ ìyá náà.  Kò ṣe ìlérí, kò sì kọ̀. Ìyá náà sùn lọ, ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni Sunniva tú ìka rẹ̀ kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀, Yngve pè. Alvhild ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Asgeir bọ́ fìlà rẹ̀. Kò ṣàwàdà. Ó gbé kọfí wá fún Sunniva, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kì í mu ún, ó sì gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹyẹ náà wà lórí tábìlì. Oòrùn díẹ̀ tó wà lọ́jọ́ náà bà lé e. Ó mọ́ gaara. Láti àárọ̀ ni Sunniva ti ń ṣọ́ ọ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ẹni tó ni èémí ti lọ, ó ti kó o lọ.

Bébà wà níwájú rẹ̀. Ó kọ orúkọ náà tán, ó fa ìlà lé e lórí. Ó tún kọ ọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń bínú sí àwọn tó gbé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ pamọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó rí nínú wọn ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sá pamọ́, kí ló dé tó fín orúkọ ara rẹ̀? Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fín ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ló fín tirẹ̀. Tí Sunniva bá dákẹ́, Steensaker ló máa jẹ ẹ́. Tó bá sì sọ ọ́, ó ti dalẹ̀ òkú.

“Wákàtí kan ló kù,” ni Asgeir wí lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀rí wo lo ní?”

“Àtàńpàkò bàbá afọ́jú. Àti kùrukùru.”

“Sunniva…”

Hù.

Asgeir dúró. Ojú rẹ̀ yí sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ojú rẹ̀ yí sí ilẹ̀kùn. Ó wá yí sí tábìlì.

Kùrukùru ń kún àyà ẹyẹ náà. Ọ̀sán gangan ni. Kò tíì hàn nínú ìmọ́lẹ̀ rí. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí gbogbo ihò náà fi funfun. Asgeir sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó láti òkè. Ètè rẹ̀ ń ka lẹ́tà mẹ́ta náà. Kò sọ ọ́ jáde.

Nígbà náà ni ohun kan nu kùrukùru náà láti inú.

Ìlà kan ṣoṣo ni. Ó fẹ̀ tó ìka. Ó rìn díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka nu ojú fèrèsé kó lè wo ìta. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó gba orí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ó dúró ní òsì. Omi díẹ̀ ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Kí ni?” ni Asgeir wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Sunniva fa bébà mọ́ra. Ó kọ ìlà méjì: Kì í ṣe iṣẹ́ Steensaker. Ọlọ́wọ́ òsì kan ní Kvennfoss ló ṣe é. Ó dúró. Asgeir gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tì í lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Oslo.

Merete dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. “Orúkọ dà?”

“Sọ fún un pé kó wá wò ó,” ni Asgeir wí.

Merete kò tíì wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé Steensaker jáde, kò sí àparò nínú rẹ̀.

Pẹpẹ kejì lápá òsì ni ẹyẹ náà wà. Wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọmọdé pàápàá ti lè bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìwé pélébé iwájú rẹ̀ kò ní orúkọ kankan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló wà níbẹ̀: Ẹ wò ó láti òkè.

Àwọn kan ń wò ó, wọ́n á ní ‘hẹn’, wọ́n á kọjá. Àwọn kan máa ń pẹ́ níbẹ̀. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, tí òkùnkùn bá bo odò, Sunniva máa ń pa iná tó wà lẹ́bàá rẹ̀, á sì dúró. Kùrukùru á dé. Orúkọ á yọ. Ìka á nù ún, láti ọ̀tún sí òsì, lẹ́ẹ̀kan péré.

Títí di òní, Sunniva kò mọ̀ bóyá ńṣe ló ń pa á rẹ́, tàbí ńṣe ló ń nù ún kó lè hàn.